Bàbá mi jagun nínú "Kọmándò": ibo la ti máa rí àkọsílẹ̀ wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí bàbá mi ti di olóògbé. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ṣọ́jà ni wọ́n nígbà ogun Biafra, pé abẹ́ Adékúnlé "Black Scorpion" ni wọ́n wà nínú Third Marine Commando. Wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àpótí wọn, a rí fọ́tò kan tí wọ́n dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì, àti ìwé kan tí ikán ti jẹ dé ìdajì, "67NA" nìkan ló ṣì hàn dáadáa lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ lẹ́tà sí "Ọ́fíìsì Marine Commando, Port Harcourt", a ò rí èsì. Ibo ni ká gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn kúrò nílẹ̀. Èsì kò lè wá, torí kò sí ọ́fíìsì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ogun ló bí Third Marine Commando, ìgbà tí ogun sì parí, wọ́n pa orúkọ náà tì. Kódà nígbà tó wà, orúkọ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ara àwọn ṣọ́jà Lagos Garrison, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó wà ní Èkó, ni wọ́n ti kó o jọ ní 1967, tí wọ́n pè é ní Dìfíṣọ̀n Kẹta, ìyẹn ẹ̀ka ńlá kẹta nínú iṣẹ́ ológun. Lẹ́yìn tí wọ́n gba ojú omi wọ Bonny ní ìparí oṣù keje ọdún yẹn, Adékúnlé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní "Marine Commando". Àwọn ọ̀gá ní Èkó kò bá a fà á, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Nítorí náà, ìwé bàbá yín lè má ní "Commando" nínú rárá. Ẹ lè bá "3 Div", "3 Inf Div" tàbí "3 MCDO" níbẹ̀, tàbí "Lagos Garrison" tó bá jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ogun. Ẹ má torí ìyẹn sọ pé bàbá parọ́ fún yín.

Kọmándò ti inú fíìmù kọ́ lèyí, ti ọkùnrin mẹ́wàá tó ń yọ́ wọ ilé ọ̀tá lóru. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn tó wà nínú dìfíṣọ̀n náà: awakọ̀, alásè, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, àwọn tó gbé ìbọn. Kọmándò ni gbogbo wọn ń pe ara wọn, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi "Kọmándò" nìkan wá bàbá rẹ̀, Adébáyọ̀ kan ló ń wá láàárín èrò Ojúde Ọba. Ohun méjì lẹ nílò: nọ́ńbà ṣọ́jà bàbá, àti bàtálíọ̀n tí wọ́n wà, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n bá jagun nínú dìfíṣọ̀n náà. Bí nọ́ńbà bá wà lọ́wọ́, bàtálíọ̀n á tẹ̀ lé e.

Ìwé tí ikán jẹ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ní ọ̀wọ̀. "67" tó wà níwájú NA (Nigerian Army) ń sọ ọdún tí bàbá wọṣẹ́, ìyẹn ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ tiwọn nìkan. Ẹ má fi sélótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì kó o fún àwọn tó ń ṣe laminétíńgì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí nǹkan funfun, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kẹ́ ẹ wá fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ lè mú fọ́tò inú fóònù tóbi sí i, yíǹkì tó ti ṣá sì lè túbọ̀ hàn níbẹ̀. Bí kò bá tíì pé, ẹ wá nọ́ńbà náà níbòmíràn. Ẹ wo ìdí àpótí onírin náà àti ẹ̀yìn ìdérí rẹ̀, nítorí àwọn ṣọ́jà ìgbà yẹn máa ń fi ọ̀dà kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sára ẹrù. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò, etí mẹ́dà, inú bẹ́líìtì, àpòòwé lẹ́tà àtijọ́. Bí bàbá bá fara gbọgbẹ́, ó ṣeé ṣe kí káàdì ilé ìwòsàn Ìgbóbi ti Èkó wà láàárín ìwé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹni tí egungun wọn fọ́ lójú ogun lọ. Bí wọ́n bá sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ télọ̀ lẹ́yìn ogun, ẹ béèrè bóyá Òṣòdì, ní ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ṣọ́jà tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ níṣẹ́ ọwọ́, ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ẹ̀yìn fọ́tò yẹn náà ṣe pàtàkì nítorí sítáǹpù onífọ́tò. Ìlú tí wọ́n ti ya fọ́tò lè sọ ìgbà tí bàbá wà níbẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: oṣù kẹwàá 1967 ni wọ́n gba Calabar, oṣù karùn-ún 1968 ni wọ́n gba Port Harcourt, oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Aba àti Owerri bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àwọn Biafra tún gba Owerri padà ní oṣù kẹrin 1969, lẹ́yìn tí wọ́n ti sé Bìrìgéèdì Kẹrìndínlógún tí Utuk ń darí mọ́ inú ìlú náà fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá la ìyẹn já kì í gbàgbé. Bí ìyá yín bá rántí pé bàbá kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Owerri sétí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù kìíní 1970 ni Owerri tún bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀gá Kọmándò nígbà náà sì ti di Ọbásanjọ́, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Adékúnlé ní oṣù karùn-ún 1969. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ dan ìyá àti àwọn àbúrò bàbá wò: ṣé Adékúnlé nìkan ni wọ́n máa ń dárúkọ, àbí wọ́n tún máa ń sọ pé Ọbásanjọ́ ló kó àwọn wọ ìparí ogun?

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà. Bó bá jẹ́ Ọ̀rẹ̀, Benin, Asaba àti Onitsha ni bàbá máa ń mẹ́nu bà, ọ̀nà Dìfíṣọ̀n Kejì ti Murtala Muhammed nìyẹn. Bó bá jẹ́ Nsukka àti Enugu, ti Dìfíṣọ̀n Kìíní ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń pe bàbá wọn ní Kọmándò nítorí pé orúkọ Adékúnlé ló rinlẹ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, wọ́n máa ń gbé ṣọ́jà láti ibì kan sí ibòmíràn, pàápàá ẹni tó bá ti ilé ìwòsàn dé, nítorí náà ẹ má tìtorí ìlú kan ṣoṣo dájọ́.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde ní àǹfààní kan tí ìlú púpọ̀ kò ní: rẹgbẹ́rẹgbẹ́. Ẹ béèrè rẹgbẹ́rẹgbẹ́ tí bàbá wà. Gbogbo wọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń wọ ọdún ogún nígbà tí wọ́n ń gba ṣọ́jà ní 1967 ti lé ní àádọ́rin dáadáa báyìí. Ẹ wá akọ̀wé ẹgbẹ́ náà lọ, kẹ́ ẹ mú fọ́tò yẹn dání, kẹ́ ẹ sì béèrè àwọn tí wọ́n jọ lọ. Ẹni kan kì í sábà dá lọ wọṣẹ́ ṣọ́jà. Ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta láti àdúgbò kan náà ló máa ń lọ, nọ́ńbà wọn sì lè tẹ̀ léra. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó wà láyé, tàbí ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ ti súnmọ́ bàtálíọ̀n bàbá nìyẹn. Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun tó kù. Ìwé ìjọba tó wà ní Lokoja, tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, kò ní sá lọ, àwọn bàbá wọ̀nyí ni ò ní dúró dè wá.

Ẹ lọ bá àwọn Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, náà. Ní 15 oṣù kìíní lọ́dọọdún, wọ́n máa ń péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìrántí àwọn ọmọ ogun. Ọjọ́ yẹn ni àwọn Biafra túúbá ní Dodan Barracks, Èkó, ní 1970, ìdí tí ìjọba fi mú un nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bá àgbà ṣọ́jà mẹ́wàá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní rí ọjọ́ tó dára ju ìyẹn lọ.

Ní ti ìwé ìjọba gan-an, Lokoja ni ẹ máa kọ̀wé sí: ibẹ̀ ni Nigerian Army Records wà, ní Chari Maigumeri Barracks. Fáìlì ṣọ́jà ni iṣẹ́ wọn. Kí lẹ́tà náà má gùn. Orúkọ bàbá, nọ́ńbà wọn tàbí èyí tó hàn nínú rẹ̀, ọdún tí wọ́n wọṣẹ́, ìlú wọn, ọjọ́ ìbí tẹ́ ẹ mọ̀, ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ sí wọn, àti ohun tẹ́ ẹ ń béèrè: ẹ̀dà àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, bàtálíọ̀n tí wọ́n wà, ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n àti ọjọ́ tí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn sí i, pẹ̀lú ìwé ìbúra láti ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìjẹ̀bú-Òde pé ọmọ wọn ni yín. Ẹ̀dà ni o, kì í ṣe ojúlówó. Ẹ lè dárúkọ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, tó fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yẹn yọ ọ̀rọ̀ ààbò àti àṣírí ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Lójú tèmi, ìwé ìbúra ọmọ bàbá ṣílẹ̀kùn ju òfin lọ. Bí ọ̀kan nínú yín bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Lokoja, ó sàn ju lẹ́tà mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń fa wàhálà níbẹ̀, pàápàá fún àwa Ìjẹ̀bú. Osibogun lè di Oshibogun, Onasanya lè di Onashanya, bó ṣe bọ́ sí akọ̀wé létí ló ṣe kọ ọ́. Àwọn mìíràn lo orúkọ mùsùlùmí níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ìwé nílé, àwọn kan sì fi ọdún kún ọjọ́ orí wọn kí wọ́n lè gbà wọ́n. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí bàbá ń jẹ́ sínú lẹ́tà, títí kan èyí tẹ́ ẹ rò pé kò ṣe pàtàkì.

Military Pensions Board ní Abuja wúlò bí bàbá bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó fi gba owó ìfẹ̀yìntì. Bí wọ́n bá kúrò kété lẹ́yìn ogun, ẹ má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀. Bákan náà, ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí fáìlì ṣọ́jà kọ̀ọ̀kan wà. Ohun tí ẹ máa rí jẹ ní Ìbàdàn ni ìwé ìròyìn ìgbà náà, Daily Times àti Tribune. Ẹ lọ síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti mọ oṣù àti ìlú tẹ́ ẹ ń wá. Ilé ìkàwé Ọbásanjọ́ ní Abẹ́òkúta kò jìnnà sí yín, ó yẹ kẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Àwọn ọ̀gá Kọmándò fúnra wọn kọ̀wé: Ọbásanjọ́ kọ tirẹ̀ jáde ní 1980, Alabi-Isama sì kọ tirẹ̀ ní 2013, tó ta ko ti Ọbásanjọ́ níbi púpọ̀. Ẹ ka méjèèjì pọ̀. Ẹ kò ní bá orúkọ bàbá níbẹ̀, torí àwọn ọ̀gá ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹ ó mọ ibi tí bàtálíọ̀n wọn gbà.

Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lórí fóònù pé òun lè bá yín gba mẹ́dà bàbá tàbí "owó Kọmándò" tó kù sílẹ̀, tó sì ní kẹ́ ẹ san nǹkan kí òun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fóònù. Mo ti rí ìdílé tí irú wọn jẹ lówó.

Nígbà tí ìwé bá dé láti Lokoja, ẹ lè bá ohun tẹ́ ẹ kò retí níbẹ̀: ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n nítorí pé wọ́n pẹ́ dé láti ìsinmi, orúkọ obìnrin mìíràn ní ibi tí wọ́n kọ ìbátan wọn sí, oṣù tí wọ́n fi dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà ní ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, kẹ́ ẹ tó gbé e sí iwájú ìyá. Nọ́ńbà bàtálíọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ mú un padà lọ bá àwọn bàbá inú rẹgbẹ́rẹgbẹ́ àti àwọn Legion, torí ìbéèrè tí wọn kò lè dáhùn nígbà tẹ́ ẹ sọ pé "Kọmándò", wọ́n lè dáhùn rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá dárúkọ bàtálíọ̀n.