Wọ́n Ní Kí N Gé Orin Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbé orin tuntun kan lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan, lórí ọ̀nà wa tó bàjẹ́. Wọ́n ní ó dùn, àmọ́ àwọn ò lè lù ú àfi tí mo bá yọ ibi tí mo ti dárúkọ alága kan, tí mo pè é ní olè. Ṣé irú èyí kọ́ ló ń pa iṣẹ́ ọnà? — Akọrin, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Ó ń pa á lára, a ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Àwọn kan á ní ìfòfindè ló ń jẹ́ kí òṣèré gbọ́n sí i. Àmọ́ ẹ wo Hubert Ogunde, àgbà òṣèré orí ìtàgé: láti 1964 títí di 1966, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú. Ilẹ̀ tó bí i, tí òǹwòran rẹ̀ pọ̀ sí, ni wọ́n tì mọ́ ọn.

Tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́bi, tí ẹ dárúkọ, tí ẹ pè lólè, lè pè yín lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, kó sì pe rédíò mọ́ yín. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, láàárín ẹ̀yin àti onítọ̀hún ni.

Ohun tó kan ìjọba ni NBC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ní 2020, wọ́n gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra kúrò ní ₦500,000 sí mílíọ̀nù 5. Lóòótọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abùjá dájọ́ ní oṣù karùn-ún 2023 pé àjọ náà ò láṣẹ láti máa bu ìtanràn, àmọ́ ìwé àṣẹ rédíò ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ tó ń retí owó oṣù ò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nítorí orin yín. Ìbẹ̀rù yìí gan-an ló burú jù. Òfin ní ojú ìwé tí èèyàn lè tọ́ka sí; ìbẹ̀rù ò ní.

Ẹ ní kí wọ́n sọ gbólóhùn náà gan-an fún yín, àti ìṣẹ́jú tó wà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín gé e o: “píìì” ni wọ́n á fi bò ó, á gé ìlù mọ́ ọn, ijó á sì dàrú. Ní situdio, ẹ ní kí wọ́n ṣí iṣẹ́ náà níbi tí ohùn àti ìlù ti dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn nìkan ni kí wọ́n pa, láti orí èémí tí ẹ mí sínú kí ọ̀rọ̀ náà tó dé. Tí èémí bá ṣẹ́ kù, etí á mọ̀ pé nǹkan ti kúrò níbẹ̀. Kí onígángan wá fi ìlù dí àlàfo náà. Ẹni tó gbọ́ ìlù á gbọ́. Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ ni ègbè: tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu yín, tiwọn náà gbọ́dọ̀ kúrò. Bó bá jẹ́ inú yàrá kan náà ni gbogbo yín ti kọ ọ́, ohùn ti jò wọnú gbohùngbohùn ìlù nìyẹn, kò sí ohun tí ẹ lè pa. Ẹ tún ẹsẹ náà kọ.

Nínú àtúnkọ, ẹ fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ kọrin nípa ihò ọ̀nà àti ọlọ́kadà tó ṣubú sínú rẹ̀. Àwọn olórin dadakúàdà Ìlọrin mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, wọ́n á máa bú èèyàn bí ẹni ń kì í. Ẹ tọ́jú odidi orin náà lọ́tọ̀. Orí afẹ́fẹ́ ni NBC ń ṣọ́, kì í ṣe òde àríyá.

Bí wọ́n bá tún ní kí ẹ yọ ihò ojú ọ̀nà náà, ẹ gbé e lọ sí rédíò míì.