Ẹ Bi Wá, Ká Jọ Sọ Ọ́: Igbó Kìjikìji Nínú Kíláàsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Tíṣà ni mí ní Òmù-Àrán níbí, JSS 2 ni mò ń kọ́. Tá a bá ti dé orí igbó kìjikìji, ohun tó wà nínú ìwé náà ni mo máa ń kà jáde, lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan wá nawọ́ sókè, ó ní "Sà, kí ló fi yàtọ̀ sí igbó ẹ̀yìn ilé wa?" ẹnu mi wọhò. Mo gbọ́ pé lókè òkun wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà mú ọmọ wọgbó láì dìde lórí àga. Àwa ńkọ́? Lápútọ́ọ̀pù kan la ní, iná ò ṣeé gbọ́kàn lé, ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì. — *Tíṣà, Òmù-Àrán*

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú làálàá o. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀ gidi ló sọ.

Nǹkan tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn ti pẹ́. Robert Ballard, ará Amẹ́ríkà tó wà nídìí bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ Titanic nísàlẹ̀ òkun ní 1985, lẹ́tà àwọn ọmọ iléèwé ló ń rọ́ wọlé fún un pé àwọn náà fẹ́ bá a lọ, ló bá dá JASON Project sílẹ̀ ní 1989. Sátẹ́láìtì ni wọ́n ń lò, ọmọ á jókòó sílùú ẹ̀, á máa wo àwọn onímọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Omi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n gbé e dé igbó Belize, wọ́n gbé e dé Amazon ní Peru. Ní 2011 Google náà gbé kámẹ́rà Street View, èyí tí wọ́n fi ń ya ojú ọ̀nà yíká sórí máàpù, sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wọ Rio Negro ní Brazil, ẹ ṣí máàpù wọn, ẹ máa wo igi lọ́tùn-ún lósì bí ẹni ń rìn ní Ọjà Ọba. Wọ́n tún ṣe Expeditions, áàpù tó ń mú ọmọ rìnrìn àjò lójú fóònù, ti páálí tí wọ́n ń ki fóònù bọ̀ kí wọ́n tó gbé e sójú, àmọ́ wọ́n ti pa áàpù yẹn tì ní 2021, ẹni tó bá gbé e wá tà fún iléèwé yín, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ páálí yẹn fún yín. Fóònù tí ò ní gyroscope, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fóònù mọ̀ bó ṣe ń yí, tí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ò sì ní, ọmọ á yí orí títí ọrùn á fẹ́ẹ̀ kán, àwòrán ò ní mira. Kó sì tó kan ọmọ kẹwàá, wọ́n ti lu aago.

Etí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ daunlóòdù ohùn igbó ní ìdájí sórí lápútọ́ọ̀pù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, ẹ gba agbára sí i, ẹ yá spíkà. Ẹ fi aṣọ bo fèrèsé, kí kíláàsì ṣókùnkùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kí kálukú kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Odídẹ tí wọ́n ń gbọ́ nínú oríkì, inú irú igbó yìí nilé ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó fi fídíò hàn.

Ti ọmọ yẹn ńkọ́? Ẹ wá áàpù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ sórí fóònù, ẹ kó wọn jáde lọ́sàn-án gangan, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbangba, ẹ wọ̀n ọ́n lábẹ́ igi máńgòrò iléèwé, kí wọ́n kọ nọ́ńbà méjèèjì sójú bọ́ọ̀dù. Ẹ wá sọ fún wọn pé nínú igbó kìjikìji tòótọ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ilẹ̀ ò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò ẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ tiwa, oòrùn ń kanlẹ̀, ìdí nìyẹn tí koríko fi ń hù lẹ́yìn ilé ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ Amazon nìkan o. Ní 2020 wọ́n gbé fọ́tò àwọn gọ̀rílà Cross River jáde, tọmọtọmọ, lórí òkè Mbe nílẹ̀ wa níbí, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn tó kù láyé ò ju bí ọ̀ọ́dúnrún lọ. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ya fọ́tò yẹn. Ẹnìkankan ò sí níbẹ̀! Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ni, ooru ara ẹranko tó ń kọjá ló ń jí i.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀ láti Manaus, ìlú kan ní Amazon ti Brazil, ẹ rántí pé wákàtí márùn-ún la fi ṣíwájú wọn, aago mẹ́wàá àárọ̀ yín, márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kúkú fi ohùn àwọn ọmọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, ìyẹn ò ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró dè yín.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, iléèwé ọmọ mi ní ká san owó awò VR, èyí tí wọ́n ń gbé sójú bíi pé èèyàn wà níbòmíì, torí ẹ̀kọ́ igbó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ṣé kò ní ba ojú ẹ̀ jẹ́? — *Ìyá Ìbejì, Gáà Àkànbí*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook tó sì ń ṣe irú awò bẹ́ẹ̀, gan-an ní ọmọ tí ò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá ò gbọ́dọ̀ lo tiwọn. Òyì sì máa ń kọ́ àgbà míì nínú ẹ̀, ká má tíì sọ ọmọdé. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi han àwọn ọmọ nínú ẹ̀ gan-an. Tí wọn ò bá rí ìdáhùn gidi sọ, ẹ dá owó yín padà sápò jàre.