Èsì: Réésìn tó ń rì sí ìsàlẹ̀ kéèkì Kérésìmesì

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fi iná 180°C yan kéèkì Kérésìmesì yín, réésìn rẹ̀ rì sí ìsàlẹ̀, àárín rẹ̀ sì rọ̀. Omi ló fà á: èso tí ẹ rẹ sínú bráńdì kò ro tán kí ẹ tó pò ó mọ́ àpòpọ̀ kéèkì.

Ẹ da èso náà sínú asẹ́ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú yíyan kéèkì, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun méjì nínú fúláwà tí ẹ ti wọ̀n, ẹ má fi tuntun kún un o, kí ẹ fi yí èso náà. Òun ni kí ẹ pò mọ́ àpòpọ̀ náà gbẹ̀yìn.

Èyí wà fún kéèkì tí èso rẹ̀ pọ̀: bọ́tà 250 g, ṣúgà 250 g, ẹyin 5, fúláwà 300 g, èso 700 g. Bó bá jẹ́ kéèkì fúyẹ́ ni, ẹ gé èso náà wẹ́wẹ́, torí àpòpọ̀ rírọ̀ kò lè gbé èyí tó tóbi.

Iná 180°C tí ẹ lò ti pọ̀ jù: òkè á pọ́n, inú á wà ní tútù. 150°C ni, fún bíi wákàtí mẹ́ta nínú agolo 20 cm tí ẹ tẹ́ pépà onílọ̀ọ́po méjì sí.

Ẹ má da bráńdì tó ro sílẹ̀ nù. Ẹ fi ṣíbí wọ́n ọn sórí kéèkì nígbà tó bá ṣì gbóná.