Ọ̀rọ̀ inú òwe ni kó jẹ́rìí àtúpalẹ̀ yín

Ẹ ní olùkọ́ yín máa ń kọ "o kàn tún un sọ ni" sábẹ́ àtúpalẹ̀ yín, ẹ sì mú òwe yìí wá: "Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo." Ẹ kọ ọ́ pé ahun, ẹni tó háwọ́, ni òwe náà ń bá wí. Ẹ jẹ́ ká bi òwe náà.

Ẹ fọwọ́ dà á kọ, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn, kí ẹ fi ìlà méjì sílẹ̀ láàárín fún àkíyèsí. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ tú àwọn ọ̀rọ̀ tó súnkì. Ibi "lọ́rọ̀" ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ó lè jẹ́ "ní ọ̀rọ̀", ó lè jẹ́ "ní ọrọ̀", bákan náà la ṣe ń kọ méjèèjì lẹ́yìn ìpajẹ, ìyẹn pípa fáwẹ́lì jẹ. Ẹni tó bá dúró ní ìdajì òwe á mú ọ̀rọ̀ ẹnu, á máa ṣàlàyé aláròyé. Ìdajì kejì ló yanjú ẹ̀: ẹrú àti aṣọ ni wọ́n ń kà. Ọrọ̀ ni. (Ẹ má sì fo èyí: èèyàn 20 ni òwe kà mọ́ dúkìá, láìdárúkọ ẹnì kan nínú wọn.)

"Ogún" tó wà nínú "ológún" náà ń kọ́? Ó lè jẹ́ iye, ó lè jẹ́ ohun tí òkú fi sílẹ̀. Ohùn kan náà ni wọ́n ní. "Ọ̀kan ṣoṣo" ló fi hàn pé iye ni, 20 dojú kọ 1. Síbẹ̀, bí "kú" ṣe tẹ̀lé e, etí ṣì ń gbọ́ ogún pínpín lábẹ́ rẹ̀. Èmi ò ní fi ìyẹn sílẹ̀ láìkọ.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ń ṣe, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò. "Ológún ẹrú wà láyé, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo." Òwe ti rọ. Alààyè lè ra aṣọ ẹtù lọ́la. "Kú" ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ tún fi "ẹṣin" rọ́pò "aṣọ": aṣọ ni wọ́n fi ń sin òkú, ẹṣin kọ́, agbára ibẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Wàyí o, ahun dà? Ẹ fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ tó bú ẹni yìí. Kò sí. Kò tiẹ̀ sí "ṣùgbọ́n" láàárín ẹrú àti aṣọ; òwe kàn gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Òwe ò sì sọ pé ọkùnrin ni, ẹ̀yin lẹ kọ "bàbá náà". "Ohun tó wu ni" ló ṣíwájú, "ló" sì tẹnu mọ́ ọn: ohun tí ọkàn fà sí ni òwe ń sọ, ahun kọ́.

Tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ sọ èrò kan, ẹ tọ́ka ọ̀rọ̀ tó gbé e ró, kí ẹ wá ṣàlàyé bó ṣe gbé e ró. Gbólóhùn tó bá lè bá òwe mìíràn mu láìyí padà, ẹ pa á rẹ́. "Òwe yìí kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀" ni kó kọ́kọ́ lọ.