Nǹkan dúdú ń fò lójú mi, ojú ò sì dùn mí

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lo oògùn kòkòrò apa sójà ara (HIV), àmọ́ mo pa á tì fún oṣù méje, kò sì tíì ju oṣù kan lọ tí mo tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni nǹkan dúdúdúdú ti ń fò kiri lójú ọ̀tún mi bí eṣinṣin. Kò pọ́n, kò dùn mí. Oníkẹ́míìsì ta oògùn ojú fún mi, mò ń kán an, kò lọ. Ṣé kí n máa kán an lọ? Ṣé dandan ni kí n sọ fún dókítà ojú pé mo ní kòkòrò náà?

Ìdáhùn: Ẹ má kán an mọ́. Ibi tí mo fura sí, oògùn ìkánlójú kì í débẹ̀, òmíràn nínú wọn sì lè dá wàhálà tuntun sílẹ̀ nínú ojú.

“Kò dùn mí” tí ẹ sọ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún tó ń gba ìmọ́lẹ̀, rẹ́tínà là ń pè é. Kò mọ ìrora. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ CMV sì wà lára ọ̀pọ̀ wa láti kékeré. Àwọn sójà ara ló ń sé e mọ́lé. Bí CD4, ìyẹn iye àwọn sójà náà nínú ẹ̀jẹ̀, bá já wálẹ̀, pàápàá tí kò bá tó 50 mọ́, ó lè jáde kó máa jẹ rẹ́tínà bí ikán ṣe ń jẹ òpó, tí òde á ṣì máa dán. Ibi tó bá ti jẹ kì í padà bọ̀ sípò. Ohun tó kù ni ìtọ́jú ń gbà là: ganciclovir tí wọ́n ń gún sínú ẹyinjú, tàbí valganciclovir tí à ń gbé mì, pẹ̀lú oògùn yín ti tẹ́lẹ̀.

N kò tíì wo ojú yín o. Ẹni tí kò ní kòkòrò kankan náà lè máa rí irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè dé inú ojú. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn sójà tó ń padà bọ̀ nítorí oògùn tí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ló ń jà níbẹ̀ báyìí. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ tún pa oògùn tì.

Ẹ fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ara ògiri. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, kì í ṣe ìka o, ìka máa ń ṣí àlàfo. Kẹ́ ẹ wá tẹjú mọ́ nọ́ńbà àárín. Bí apá kan téèpù bá pòórá, tàbí nǹkan bíi mànàmáná ń kọ, tàbí òkùnkùn bò ó bíi kọ́tìnì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Bí kò bá sí èyí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀la kọjá. Ẹ̀ka ojú wà ní UNIOSUN Teaching Hospital. Wọ́n á kán nǹkan tó ń la ẹyin dúdú sójú yín, ojú á sì ṣú fún wákàtí díẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣèlérí pé ẹ máa gé léèsì oníbàárà lọ́jọ́ náà.

Sísọ kì í ṣe dandan, àmọ́ ẹ sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá pa á mọ́, dókítà lè rò pé ọjọ́ orí ni. Ó di dandan fún un láti pa àṣírí yín mọ́, òfin ọdún 2014 sì ka dídá ẹni tó ní kòkòrò yìí sọ́tọ̀ léèwọ̀. Bẹ́ ẹ bá tún ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ dárúkọ rẹ̀: ethambutol, ọ̀kan lára wọn, lè mú kí òwú pupa àti òwú aláwọ̀ ewé jọra lójú yín.

Ẹ mú káàdì ìtọ́jú yín àti èsì CD4 tó kẹ́yìn dání. Ẹ mú ìgò oògùn ojú yẹn náà, kí wọ́n lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀.