Má fi òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi rẹ parí iṣẹ́ kankan

Àbúrò mi, o ní ọjọ́ kan ṣoṣo lo fi ń sinmi lọ́sẹ̀, o fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ka ìwé ìtàn àròsọ, àmọ́ ọkàn rẹ ń dá ọ lẹ́bi nítorí iṣẹ́ tó kù nílẹ̀. O wá bèèrè bóyá kí o kọ́kọ́ fi òwúrọ̀ parí iṣẹ́ náà. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é, ojú mi rí màbo.

Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Ọ̀gá mi ní kí n kàn bá òun yẹ ìwé kan wò lọ́jọ́ ìsinmi, pé kò ní ju wákàtí kan lọ. Wákàtí kan di mẹ́ta, ó di pé ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi nídìí ẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná: bí mo ṣe ń parí ọ̀kan ni òmíràn ń wọlé. Ìwé tí mo rà láti kà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku bò ó. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé e, mo ka ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sí ohun tó yé mi níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń kàwé láti kékeré! Mo rí ọ̀rọ̀, mo lè pè é, kò kàn wọlé ni. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Oorun dá lójú mi. Bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já, kódà bó jẹ́ fóònù ẹlòmíràn. Mo lọ rí dókítà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ohun tó ń kọ, ó ní kí n máa sinmi. Kò bèèrè ẹni tí kò jẹ́ kí n sinmi.

Inú ṣì ń bí mi, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1921 ni àjọ ILO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ti ṣe àdéhùn pé kí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 tí kò dáwọ́ dúró, ó kéré tán, nínú ọjọ́ méje-méje. Ní 2021, àjọ yẹn àti àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40. Wò ó: wákàtí 9 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ 54. “Wákàtí kan péré” tí ọ̀gá mi bẹ̀ ló sọ ọ́ di 55.

Má purọ́ pé ara rẹ ò yá o. Irọ́ kan á bí èkejì. Sọ fún wọn níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú pé o ò ní gbé fóònù. Pa á pátápátá, kí o gbé e sí yàrá mìíràn. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń pa, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáá. Má sì gbọ́ tàwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo àkókò, tí wọ́n ní ìwé tó bá iṣẹ́ ẹni mu nìkan ló yẹ kéèyàn kà. Mo gbọ́ tiwọn, mo tún sọ ìwé kíkà di iṣẹ́.

Ìwé tó bá wù ọ́ ni kí o kà. Èyí tí kò bá dùn, jù ú sílẹ̀. Máa gbójú wo òkèèrè lóòrèkóòrè kí ojú má baà ro ọ́.

Ní ti iṣẹ́ tó kù yẹn, kọ ọ́ sórí bébà kí o tó kúrò níbi iṣẹ́, kọ wákàtí tí o máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí o fi bébà náà sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ò ṣe é. Lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ ló gbà mí kí n tó tún ka odidi ìwé kan tán.