Ṣé mo lè dín àwòrán kù láìjẹ́ pé ó kúrò nínú fóònù mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù kan tí mò ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n fi àwòrán ìwé ìrìnnà mi, ìyẹn pásípọ́ọ̀tù, ránṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju 200KB lọ. Èyí tí mo yà lé ní 4MB. Ìkànnì tó ń báni dín àwòrán kù pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ láti kó pásípọ́ọ̀tù mi lé ẹni tí n kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Àwòrán pásípọ́ọ̀tù tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kò ṣe é gbà padà mọ́. Bí wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn á pa á rẹ́ láàárín wákàtí kan, kò síbi tí ẹ ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Oríṣi méjì ni àwọn ìkànnì náà. Ọ̀kan á kó àwòrán yín lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á dín in kù níbẹ̀, á wá dá a padà. Èkejì ò kó nǹkan kan lọ: bíráúsà yín, ìyẹn áàpù tí ẹ fi ń ṣí ìkànnì, fúnra rẹ̀ ló máa tún àwòrán náà yà ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, lórí fóònù yín níbẹ̀. Squoosh, tí àwọn òṣìṣẹ́ Google gbé jáde lọ́dún 2018, wà lára irú kejì yìí. Lójú, méjèèjì jọra, nítorí náà ẹ dán èyí tí ẹ bá fẹ́ lò wò.

Ẹ ṣí i nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ bíráúsà yín, èyí tí kì í rántí ohun tí ẹ ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán ògiri lásán dán an wò, kó lè kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa dátà àti Wi-Fi, kí ẹ tó wá mú pásípọ́ọ̀tù. Bó bá dín in kù tí ẹ sì rí i fi pamọ́, orí fóònù yín niṣẹ́ ti parí. Bó bá ń yí ṣáá tàbí tó ń béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé rèé: ẹ ti fèrèsé náà pa pátápátá kí ẹ tó tan dátà. Ojú ìwé tó ṣì wà ní ṣíṣí lè di àwòrán náà mú, kó sì fi í ránṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dé.

Ní ti 200KB, ẹ gé etí tábìlì tó yọ sínú àwòrán kúrò ná, kí ẹ tó dín ìbú àti gíga kù. Píksẹ́lì ni àwọn àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán. Àwòrán tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 4000, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 3000, ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 12. Ẹ sọ ìbú di 2000, gíga di 1500, mílíọ̀nù 3 péré ló kù. Bó bá ṣì wúwo, ẹ fa ìdára JPEG, ìyẹn irú fáìlì tí wọ́n sábà máa ń fi fọ́tò pamọ́ sí, wálẹ̀ sí nǹkan bí 75 nínú 100. Kí ẹ wá fẹ àbájáde náà lójú, kí ẹ wo nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù dáadáa. Bí 3 àti 8 bá ti ń jọra, ẹ ti dín in kù jù. Ẹ padà sí ojúlówó àwòrán, ẹ má tún èyí tí ẹ ti dín kù ṣe, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún JPEG fi pamọ́ ló ń pàdánù díẹ̀.

Ẹ wo ibi tí fóònù yín ń kó fọ́tò sí pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ pé ó máa ń kó gbogbo àwòrán lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ pa ìyẹn kí ẹ tó ya pásípọ́ọ̀tù rárá.